Abdulfatai Gúdíyà àti Ilẹ̀ Tó Ń Yọ̀

Ní Pápá Àjàó, bí o bá béèrè Abdulfatai Adéríbigbé, wọn á ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò àwọn. Bí o bá ní Gúdíyà lò ń wá, wọn á fà ọ́ lọ́wọ́ dé ìdí ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ táyà.

Télọ̀ ni bàbá rẹ̀, agbádá ló sì ń rán. Ó fẹ́ kí ọmọ òun jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ bíi tòun. Ṣùgbọ́n aṣọ ò wu Abdulfatai. Aṣọ, ó ní, bí o bá fà á, ó ya. Bí o bá ká a, ó kájọ, kò ní èrò kankan fúnra rẹ̀. Rọ́bà ló wù ú. Bí o bá fa rọ́bà, á tẹ̀lé ọ. Bí o bá jù ú sílẹ̀, á padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, bí ìyàwó tó bínú lọ sílé bàbá rẹ̀ tó sì padà dé kí ọbẹ̀ tó tutù. Nítorí náà ó lọ kọ́ṣẹ́ fọkanáísà, ó ń fẹ́ táyà, ó ń lẹ tíúbù lẹ́bàá títì.

Fọkanáísà tó kù, bí wọ́n bá ti lẹ tíúbù tán, ó parí. Abdulfatai ní tirẹ̀ á lẹ̀ ẹ́ tán, á jókòó tì í, á máa wò ó. Á bi oníbàárà pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí rọ́bà yìí fi rọ̀ tí tọ̀hún fi le?" Oníbàárà tí ọkọ̀ rẹ̀ wà lórí jáàkì kì í sábà ní èsì sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọgbọ́n tirẹ̀. Ó ṣe ẹsẹ̀ rọ́bà fún jẹnẹrétọ̀, kó má bàa máa gbọ̀n rìn kiri orí bàkọ́nì. Jẹnẹrétọ̀ àkọ́kọ́ tó wọ ẹsẹ̀ náà dúró sójú kan lóòótọ́. Bàkọ́nì ló kù tó ń gbọ̀n. Ó ṣe ìdérí rọ́bà fún ìkòkò ọbẹ̀, oru ò jáde mọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ọbẹ̀ ilé ń ta sánsán bí ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi táyà họ títì. Ó ṣe okùn rọ́bà fún fìlà àwọn tó ń gun ọ̀kadà, kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ. Ẹni tó kọ́kọ́ dé e ní fìlà ò kúrò lóòótọ́, àmọ́ láti ìgbà tí òun ti dé e ni òun ò ti lè ronú.

Ọ̀gbẹ́ni Ambrose ló sọ ọ́ ní Gúdíyà. Tíṣà kẹ́místrì ni tẹ́lẹ̀ ní Yábàá kó tó fẹ̀yìntì, ọmọ ìjọ Áńgílíkà tí kì í pa Sunday jẹ, tó sì ní ọkọ̀ àtijọ́ kan tí táyà rẹ̀ ń jò ju bó ṣe ń rìn lọ. Lọ́jọ́ kan tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì tó ń dúró de táyà, ó ní:

"Abdulfatai, ṣé o mọ̀ pé orúkọ èèyàn ló wà lára táyà tó o ń bá wọ̀yá ìjà yẹn?"

"Orúkọ ilé iṣẹ́ ni, sà."

"Ó ti jẹ́ orúkọ èèyàn kó tó di ti ilé iṣẹ́. Charles Goodyear, ará Amẹ́ríkà. Láyé ìgbà tiẹ̀, bí oòrùn bá mú, rọ́bà á yọ́, á máa lẹ̀ mọ́ni lára. Bí òtútù bá dé, á gan bíi pákó. Ọkùnrin yìí ní òun máa wá oògùn rẹ̀. Ilé ìdáná ìyàwó rẹ̀ ló ti ń sè é. Wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n nítorí gbèsè, kò jáwọ́. Ìgbà tó yá ló po rọ́bà mọ́ imí-ọjọ́, ó ṣèèṣì kan sítóòfù tó gbóná. Dípò kó yọ́, ńṣe ló dà bí awọ. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tó o ń ṣe yìí ti ṣẹ̀ wá."

"Ọkùnrin náà ti di olówó nìyẹn."

"Inú gbèsè ló kú sí. Ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ó ti kú tipẹ́ kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n yá lò, kò sí ìpín fún ìdílé rẹ̀ níbẹ̀."

Irú ìtàn báyìí, ẹlòmíràn bá gbọ́ ọ, á lọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀. Abdulfatai ronú díẹ̀, ó ní, "Sà, báwo ni imí-ọjọ́ tó fi sí i ṣe pọ̀ tó?"

Nígbà tó rò ó fún Lubabah ìyàwó rẹ̀ nílé, ìbéèrè tí ìyẹn bi í yàtọ̀. "Ìyàwó ọkùnrin yẹn ńkọ́?"

"Ó ní sùúrù ni."

"Wọn ò kọ orúkọ tiẹ̀ sára táyà kankan?"

Abdulfatai ní òun á bá a béèrè lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Ambrose. Lubabah ní kó má ṣèyọnu, òun ti gbọ́ èsì.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó ń yọ̀. Bàbá Lubabah, Àfáà Mùktárù, ni ládánì mọ́ṣáláṣí tó wà ní òpin àdúgbò wọn, ẹni tó ń pe èèyàn wá sírun. Kò sí ọmọ tí wọ́n bí ní òpópónà yẹn tí kì í ṣe ohùn bàbá yìí ló fi mọ̀ pé ilẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni ọlọ́lá kan nínú ìjọ ní òun máa tún ibi àlùwàlá ṣe. Ó ra táìsì wá. Irú èyí tí wọ́n ń tẹ́ sí pálọ̀ ni, èyí tó ń dán tó bẹ́ẹ̀ tó o lè fi wo irùngbọ̀n rẹ. Wọ́n tẹ́ ẹ láti ẹnu géètì dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, sí ibi tí omi ti ń ṣàn láti àárọ̀ dalẹ́. Gbogbo èèyàn gbàdúrà fún un. Kí ẹ̀rín ayẹyẹ náà tó kúrò lẹ́nu wọn, wọ́n ti ń ṣubú.

Kò sẹ́ni tó lè ní kí wọ́n hú u, nítorí ẹni tó ra táìsì wà láyé, ó sì ń wá wò ó ní gbogbo Jímọ̀ọ̀. Àfáà Mùktárù ṣe àlùwàlá lọ́jọ́ kan, ó gbé ẹsẹ̀, ilẹ̀ gbé òun náà. Egungun ìbàdí rẹ̀ ò ṣẹ́, ṣùgbọ́n ó pẹ́ lórí ibùsùn. Nígbà tó tún lè rìn, àwọn ọmọ rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ tún fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ yẹn mọ́ bó bá ṣì ń yọ̀. Ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí náà ní àwọn á ní sùúrù, àmọ́ ààwẹ̀ ń bọ̀, mọ́ṣáláṣí ò sì gbọdọ̀ wọ ààwẹ̀ láìní ládánì. Bí wọ́n bá rí oṣù ààwẹ̀ tí bàbá ò tíì padà sẹ́nu iṣẹ́, Oyèwọlé, ọmọkùnrin tó ń bá a di iṣẹ́ náà mú, ni yóò di ládánì pátápátá.

Bàbá ò ráhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àkókò ìrun bá tó, á dìde jókòó lórí ibùsùn, á fi ọwọ́ sí etí, ẹnu rẹ̀ á máa lọ, ohùn ò ní jáde. Lubabah gbé oúnjẹ wọlé bá a lọ́jọ́ kan, ó rí i bẹ́ẹ̀. Ó padà sílé, ó dúró sí ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ tó ń fi ọ̀bẹ gé tíúbù.

"Bàbá Ṣùbòmí, gbogbo rọ́bà tó o ti ń sè láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọ, ṣé kò sí èyí tó lè gbé bàbá mi dúró?"

Abdulfatai sọ ọ̀bẹ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó tíì bi í ní irú ìbéèrè yìí rí. Ohun tí wọ́n sábà ń bi í ni ìgbà tó máa dẹ́kun.

Ẹní rọ́bà ló kọ́kọ́ ṣe, èyí tí wọ́n máa tẹ́ sórí táìsì náà. Ó lọ tíúbù àtijọ́ kúnná, ó fi pẹtiróòlù pò ó, ó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, ó sì lọ tẹ́ ẹ ní ọ̀sán Jímọ̀ọ̀. Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó yọ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn mú, ẹni tó bá ṣe àlùwàlá tán tó gba orí rẹ̀ kọjá, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á dúdú bí ìdí ìkòkò. Ta ló máa gbé irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ gun kápẹ́ẹ̀tì mọ́ṣáláṣí? Onítọ̀hún á padà lọ fọ̀ ọ́. Ọ̀nà wo ló máa gbà bọ̀? Orí ẹní náà ni. Wọ́n ń fọ̀, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń padà lọ. Nígbà tí Lèmọ́mù fi máa bojú wẹ̀yìn, ìlà kan péré ló wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì kún.

"Iṣẹ́ rẹ dára, Gúdíyà," Lèmọ́mù sọ fún un lẹ́yìn náà. "Kò sẹ́ni tó ṣubú. Kò kàn sẹ́ni tó kírun ni."

Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ra rọ́bà funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lára igi, tí wọ́n ń kó bọ̀ láti ọ̀nà Oǹdó, ó lọ sí Téjúoṣó lọ ra imí-ọjọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á fún ẹni tí ara ń yún. Ó gbé ìkòkò tí Lubabah fẹ́ràn jù ka sítóòfù. Òórùn bí ẹyin tó bàjẹ́ gba gbogbo ilé. Àwọn ayálégbé ẹ̀yìnkùlé ń wo ara wọn, oníkálukú ń dájú sọ aládùúgbò rẹ̀ ní ọkàn, títí Lubabah fi jáde sí gbangba tó ní ọkọ òun ni, kí wọ́n yéé fura síra wọn. Nígbà tí rọ́bà jinná, ó le bíi pátákó. Ọ̀gbẹ́ni Ambrose fi ìka kàn án, ó dún kó-kó.

"Imí-ọjọ́ ló pọ̀ jù," ó ní. "Irú èyí ni wọ́n fi ń ṣe òòyà láyé àtijọ́."

Abdulfatai wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. "Sà, òòyà tó fẹ̀ tó ẹní, orí ta ni wọ́n fẹ́ fi yà?"

Oṣù ń lọ. Oyèwọlé ti ń dá fìlà tuntun.

Igun kan wà ní mọ́ṣáláṣí tí wọ́n ń kó sálúbàtà sí. Kò sí mọ́ṣáláṣí tí kò ní irú rẹ̀. Ẹnì kan á wọ ti ẹlòmíràn lọ, ẹlòmíràn á bínú fi tirẹ̀ sílẹ̀, ọmọdé á wọ ẹsẹ̀ ọ̀tún méjì relé, á ṣẹ́ ku ẹsẹ̀ òsì méjì. Òkìtì náà ti ga, ó ti di ilé aláǹgbá. Abdulfatai ń kọjá lọ, ó mú ọ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́, ó rọ̀. Ó fi ọwọ́ tútù nù ún, kò yọ̀, àwọ̀ rẹ̀ ò sì jáde. Ó bi akọ̀wé mọ́ṣáláṣí bóyá òun lè kó wọn. Akọ̀wé ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń gbàdúrà kí ẹnì kan kó wọn.

Ó gé wọn wẹ́wẹ́, ó fi sólúṣọ̀n tó fi ń lẹ tíúbù pò wọ́n, ó há wọn sáàárín irin méjì tó gbóná. Ohun tó jáde rí tótòtó bí ẹ̀yìn ẹyẹ awó: pupa, búlúù, àwọ̀ ewé, òfééfèé, àwọ̀ ọsàn. Lubabah tẹ́ ẹ sórí sìmẹ́ǹtì ẹ̀yìnkùlé, ó da omi ọṣẹ sí ibi gbogbo, ó gun orí rẹ̀.

"Tì mí."

Ọkọ rẹ̀ tì í bí ẹni ń ti ìyàwó.

"Bí mo ṣe wí nìyẹn? Tì mí bí ẹni tó jókòó sáyè rẹ nínú mọ́tò."

Ó fi agbára tì í. Lubabah ò mira. Abdulfatai tó dúró lórí sìmẹ́ǹtì lásán ló fi ìdí lélẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dúró lórí ẹní, ó ń wò ó nílẹ̀. "Ó dára," ó ní. "O ti ṣe é."

Wọ́n tẹ́ ẹ láti ẹnu géètì dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, wọ́n sì lọ bá Àfáà Mùktárù nílé.

"Bàbá, ẹní ti dé. Kò kunni lẹ́sẹ̀, kò le, kò yọ̀."

"Ọlọ́run á san án fún ọ, Fatai. Kí lo fi ṣe é?"

"Àwọn sálúbàtà tí wọ́n gbàgbé sí mọ́ṣáláṣí ni, Bàbá."

Bàbá tó ti ń na ọwọ́ sí ọ̀pá rẹ̀ dá ọwọ́ dúró. "Àwọn tó gbàgbé rẹ̀ ló ní kó o gé e?"

"Akọ̀wé ló ní kí n kó o."

"Akọ̀wé ló ni ín?"

Abdulfatai bojú wo ìyàwó rẹ̀.

"Ohun tó bá sọnù, kíkéde ni wọ́n ń kéde rẹ̀," bàbá ní. "Mi ò lè fi ẹsẹ̀ tí mo fọ̀ nítorí Ọlọ́run tẹ ohun olóhun kọjá, kí n wá gbé ẹnu sókè kí n máa pe èèyàn wá síbi ire."

"Bàbá, sálúbàtà ẹlẹ́sẹ̀ kan mà ni," Lubabah wí.

"Ẹni tó ni ẹsẹ̀ kejì ò tíì kú."

Wọ́n bá sáré lọ bá ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ sì ní kí Oyèwọlé kéde rẹ̀ lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ọmọ dáadáa ni Oyèwọlé, kò sì wá ibi bàbá. Àmọ́ ó ti ṣe kọ̀ńdọ́kítọ̀ rí ní Ojú Ẹlẹ́gbà, iṣẹ́ náà ò sì tíì jáde tán lóhùn rẹ̀.

"Sálúbàtà, sálúbàtà, sálúbàtà! Ẹsẹ̀ ọ̀tún wà, ẹsẹ̀ òsì wà! Ẹ wọlé báyìí, kò ní dúró pẹ́!"

Àwọn méjì wá, wọ́n fẹ́ mọ iye tó ń tà á. Àwọn tó ni sálúbàtà ò yọjú.

Inú yàrá ni Àfáà Mùktárù wà tó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó di ojú, ó la ojú. "Ohun tó sọnù ló ń kéde yìí, àbí ó ń tà á?" Ìròyìn sì ti kàn pé bóyá ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni oṣù máa lé. "Lubabah, gbé fìlà mi wá."

Ọ̀gbẹ́ni Ambrose ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé e, táyà rẹ̀ sì bọ̀wọ̀ fún àgbà lọ́jọ́ náà. Ẹnu géètì ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Ibi tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà, inú mọ́ṣáláṣí lọ́hùn-ún ni. Bàbá ò lè kéde láìdé ìdí rẹ̀. Kò lè dé ìdí rẹ̀ láìtẹ ẹní. Kò sì ní tẹ ẹní láìkéde. Bó bá gba ẹ̀gbẹ́ ẹní, táìsì ń dúró dè é.

"Ẹ jẹ́ ká gbé yín pọ̀n, Bàbá," akọ̀wé dámọ̀ràn.

"Ládánì tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn. Kí ẹ bá mi wá ọ̀já àti ọṣẹ ọmọ."

Gbogbo wọn dúró. Ọ̀gbẹ́ni Ambrose tó jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ bíi àlejò tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ yọ orí jáde. "Ẹ má bínú o. Ṣé wáyà ẹ̀rọ yín ò lè gùn dé ibí?"

Ó gùn débẹ̀, kódà ó ṣẹ́ kù. Wọ́n gbé àga sí ẹnu géètì, wọ́n fún bàbá ní ẹ̀rọ náà. Ó wúkọ́ díẹ̀.

"Ẹ̀yin ará wa, àlàáfíà fún yín. Ẹni tí sálúbàtà rẹ̀ bá sọnù ní mọ́ṣáláṣí yìí, a rí i. A ti gé e kí a tó bi yín, ẹ forí jì wá. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìpààrọ̀, ó tọ́ sí i. Ẹni tó bá yọ̀ǹda rẹ̀, kó wá fẹnu ara rẹ̀ sọ."

Ohùn náà kò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ò gbọ́ ọ láti ọjọ́ pípẹ́. Mẹkáníìkì fi spánà sílẹ̀. Àwọn tó ń gérun lọ́wọ́ jáde pẹ̀lú orí àbọ̀. Bí ọ̀rọ̀ sálúbàtà kò bá tilẹ̀ kàn wọ́n, wọ́n fẹ́ rí ẹnu tó ń sọ ọ́. Wọ́n yí ẹní ká, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà wọn lára rẹ̀.

"Búlúù tó wà nígun yìí, tèmi ni. Mo yọ̀ǹda rẹ̀."

"Tìẹ báwo? Tèmi nìyẹn. Èmi ni mo yọ̀ǹda rẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi nǹkan mi ṣàánú."

Sálúbàtà tí kò sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn wò di ohun tí wọ́n ń jà lé lórí, oníkálukú fẹ́ kí wọ́n kọ láádá rẹ̀ sí tòun. Àfáà ní Ọlọ́run mọ ẹni tó ni ín, kí àwọn méjèèjì máa mú ìdajì ìdajì.

Nígbà náà ni Àlàájà Fàósátù, olórí àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan ibi aláwọ̀ ọsàn kan.

"Eléyìí tèmi. Ó jọ ẹsẹ̀ kejì tó wà nílé. Mi ò yọ̀ǹda rẹ̀."

Àwọn tó ń du búlúù yí ojú sí i.

"Àlàájà, ẹ gba ìpààrọ̀," Abdulfatai bẹ̀ ẹ́.

"Mi ò gbàpààrọ̀. Ṣé ẹ̀yin ọkùnrin nìkan ni ilẹ̀ ń yọ̀ fún? Táìsì kan náà ló wà lọ́dọ̀ wa. Èmi náà ti ṣubú níbẹ̀, kò sí ẹni tó sè rọ́bà nítorí mi. Èmi ni mi ò pariwo."

Àwọn ìgbìmọ̀ ń wo ilẹ̀. Àfáà Mùktárù yí sí àna rẹ̀. "Fatai, o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá. Màá ṣe tiwọn."

"Ìgbà wo?" Àlàájà bi í.

"Kí ààwẹ̀ tó pé ìdajì."

Ó wò ó títí, bí ẹni ń wo tòmátò lọ́jà. "Mo yọ̀ǹda rẹ̀," ó ní. "Tó o bá wá yẹ̀ ẹ́, màá wá ṣán tèmi kúrò lára rẹ̀."

Àfáà ní èyí tí olówó rẹ̀ kò tíì yọjú kéré lójú òfin ẹ̀sìn, kò lè dínà ẹsẹ̀ mọ́ nígbà tí wọ́n ti kéde rẹ̀, àmọ́ àwọn á ṣì máa kéde rẹ̀. Bí onítọ̀hún bá dé, òun ni kó wá bá. Ó fi àga sílẹ̀, ó lọ sídìí omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ó ṣe àlùwàlá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé ẹní pẹ̀lú omi lára rẹ̀. Lubabah di aṣọ ọkọ rẹ̀ mú látẹ̀yìn. Bàbá gbé èkejì. Ó ń lọ. Nígbà tó dé àárín, ó dúró, kò tẹ̀síwájú mọ́.

"Bàbá, kí ló ṣẹlẹ̀?" Abdulfatai fẹ́ sáré bá a.

"Ó rọ̀," bàbá ní. "Ẹ jẹ́ kí n gbádùn rẹ̀ díẹ̀."

Lẹ́yìn náà ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó wọlé. Àkókò Alásàárì ti tó. Oyèwọlé ti ká wáyà padà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹ̀rọ náà fún un, ó bọ́ sẹ́yìn. Àfáà Mùktárù fi ọwọ́ sí etí, ohùn sì jáde.

Gbogbo òde kọ etí sí i. Ṣùgbọ́n Àlàájà Fàósátù ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn obìnrin, ó ń fi ẹsẹ̀ wọn bí táìsì ibẹ̀ ṣe gùn tó. Nígbà tó wọ̀n ọ́n dé òpin, ó gbójú sókè, ó fi ìka pe Gúdíyà.